Nígbà Tí Àpáta Ya Lulẹ̀, Ẹ̀ṣẹ̀ Ta Ni?

Ní alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilẹ̀ mì tìtì ní àwọn òkè Atlas ní Mòrókò. Àwọn tó kú súnmọ́ 3,000. Àpáta ya lulẹ̀, ó dí ojú ọ̀nà, ìrànlọ́wọ́ kò sì tètè dé àwọn abúlé kan. Kò pẹ́ tí a fi ń gbọ́ ọ ní Òkìtìpupa níbí, lẹ́yìn ìrun, pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ ló pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí àpáta ṣe ń ya. Àwa Ìkálẹ̀ kò ní òkè olókùúta; òkìtì ilẹ̀ pupa ni ìlú wa fi jẹ́ orúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Ìdànrè, nínú ìpínlẹ̀ wa kan náà, ti rí àpáta ńlá tó lanu. Oòrùn àti òjò ló ń là á láti ayébáyé. Bí ilẹ̀ bá wá mì, orí òkè sábà máa ń mì ju ìsàlẹ̀ lọ. Ibi tó ti lanu a tú, èyí tí kò ní ohun tó dì í mú mọ́ a yí wálẹ̀. Òmíràn kò ní já lọ́jọ́ náà, àfi ìgbà tí òjò bá tún rọ̀ sí i. Kò bèèrè ẹni tó kírun àti ẹni tí kò kírun.

Ẹnìkan lè wí pé: ṣebí Ọlọ́hun ló mi ilẹ̀? Òun ni. Súrà Az-Zalzalah dá lé mímì ilẹ̀ ọjọ́ ìgbéǹde, a kì í sì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ wá di ẹni tó mọ ìdí tí Ó fi ṣe é. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ka Mùsùlùmí tí nǹkan wó lù pa mọ́ àwọn ṣẹ́hídì. Ta ni àwa tí a ó wá pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀?

Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984. Ó tún mì ní apá ibìkan nílẹ̀ Yorùbá ní 2009. Kò le, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀. Bí a bá ti fi ẹ̀ṣẹ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀, ta ni yóò tún wo ojú àpáta? Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò dá ilé-kéwú sílẹ̀ ní ìlú olókè lọ́la. Ọkùnrin tí Ànábì ní kí ó so ràkúnmí rẹ̀ kò di aláìgbàgbọ́ nítorí okùn. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ má kọ́ ọ sábẹ́ àpáta tó lanu, ẹ má sọ pé kò gba kádàrá gbọ́. Ẹ bá a wá ilẹ̀ mìíràn.