Ẹ̀rọ Kò Mọ Ojú Oníbàárà

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni àwọn àgbà máa ń wí. Aláṣọ tó pàtẹ sí Gbági n'Íbàdàn mọ ìtumọ̀ òwe yìí ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Bí oníbàárà bá bi í pé, "Màámi, èló lẹ máa gbà jálẹ̀?", ojú ẹni náà ló kọ́kọ́ máa wò. Ṣé ẹni tó máa padà wá ni, àbí ẹni tó ń kọjá lọ? Ṣé yáàdì márùn-ún péré ló fẹ́, àbí aṣọ ẹbí ogójì èèyàn? Ṣé òwúrọ̀ ṣì ni, àbí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ẹni tó kù lọ́jà kò ju kíún? Kó tó dáhùn, ó ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ti mọ iye tó lè yọ, ó ti mọ ibi tí ọjà ò ní gbà mọ́, ó sì ti mọ̀ bóyá òun á fi èènì sí i. Kò kọ òfin kankan sílẹ̀.

Ẹ wá gbé irú aláṣọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀kan lára àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ. Ẹni tó bá gba Alief tàbí òpópónà Bissonnet kọjá á rí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta gàrí àti èlùbọ́. Àmọ́ aláṣọ mìíràn kò gba ìsọ̀ rárá: gáréèjì ilé rẹ̀ ni ẹrù wà, orí Shopify tàbí WooCommerce, ètò tí wọ́n fi ń ṣí ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló pàtẹ sí, oníbàárà rẹ̀ sì wà ní Dallas, ní Peckham àti n'Íkẹjà. Kò rí ojú ẹnì kankan. Ẹ̀rọ ló ń bá a dúró ti ọjà tọ̀sán-tòru, ohun tó bá sì wí fún ẹ̀rọ náà gan-an ni ẹ̀rọ máa ṣe, kò ní fi àánú kún un, kò ní fi ìfura kún un.

Ìdí nìyí tí ètò ẹ̀dínwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi le ju bó ti rí lójú lọ. Gbogbo ohun tí ojú máa ń rò fúnra rẹ̀ lọ́jà, inú ilé ni èèyàn ti gbọ́dọ̀ rò ó tán, kó sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀: bí oníbàárà bá ra tó báyìí, kí owó dín ní báyìí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Léèsì yáàdì márùn-ún ló ń tà, $120 ni. Owó tó fi rà á, pẹ̀lú èyí tó fi gbé e dé Houston, jẹ́ $88, èrè rẹ̀ sì jẹ́ $32. Kérésì ń bọ̀, ó ní kí ẹ̀rọ yọ 20% lórí gbogbo léèsì. $24 lọ, ọjà di $96. Kò burú, $8 ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ti gbàgbé pé lóṣù kẹfà òun fún àwọn oníbàárà tuntun ní kóòdù 10%, òun ò sì fi ọjọ́ òpin sí i. Kóòdù náà gorí ẹ̀dínwó ọdún, $9.60 tún lọ, ọjà di $86.40. Ó sì ti ṣèlérí tipẹ́ pé ẹni tó bá ra ju $75 lọ kò ní san owó ìkẹ́rù, $11 tún jáde lápò rẹ̀. Léèsì $88 ti di $75.40 lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì kò sì tíì yọ tirẹ̀. Bí èèyàn mẹ́wàá bá rà á lóru, bó bá jí láàárọ̀, á rí i pé òun ti pàdánù $126 lórí ọjà tó tà wàràwàrà.

Kò sẹ́ni tó jà á lólè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sì bi ara rẹ̀ bóyá àwọn ọ̀rọ̀ náà lè jọ gbélé. Bó bá wá ní òun fẹ́ wọ́gi lé ọjà náà, oníbàárà á ya àwòrán ojú-ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ síbẹ̀ o." Kí ló fẹ́ fi dáhùn? Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Bẹ́ẹ̀ àyè àtúnṣe wà. Lórí WooCommerce, èèyàn lè fàlà sí ibì kan pé kóòdù yìí kò gbọ́dọ̀ bá òmíràn rìn, kó tún fàlà sí ibòmíràn pé kò gbọ́dọ̀ kan ọjà tí owó rẹ̀ ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè sọ iye ìgbà tí ẹnì kan lè lò ó, àti iye ìgbà tí gbogbo ayé lè lò ó pọ̀. Shopify náà máa ń béèrè bóyá ẹ̀dínwó kan lè bá ti ọjà, ti àpapọ̀ owó, tàbí ti ìkẹ́rù pọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú á fo àwọn ìbéèrè yìí bí ẹni fo kòtò, àwọn gan-an ló sì dípò ojú aláṣọ Gbági.

Ètò títò tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lórí ọjà $100, bí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ 20% kí wọ́n tó yọ $15, $65 ló kù. Bó bá jẹ́ $15 ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, $68 ni. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ òpin. Ọjọ́ tí èèyàn bá kọ sórí kóòdù WooCommerce, agogo méjìlá òru tí ọjọ́ náà wọlé ni kóòdù kú. Ẹni tó kọ 30 Oṣù Kọkànlá máa gba ẹ̀sùn látàárọ̀ ọjọ́ náà pé kóòdù kò ṣiṣẹ́. Òru ta sì ni? Nígbà tí Houston bá ń sùn lọ lóru, Èkó ti ń múra iṣẹ́.

Àwọn ńláńlá pàápàá ti ṣubú síbẹ̀. Ní 1992, ẹ̀ka Hoover, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbálẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ẹni tó bá ra ọjà £100 lọ́wọ́ àwọn máa gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú méjì, àlọ àti àbọ̀, lọ sí Yúróòpù. Nígbà tó yá wọ́n ní ó dé Amẹ́ríkà. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ sí Amẹ́ríkà wọ́n ju ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tí wọn kò nílò, nítorí ìrìn àjò nìkan. Ó ná ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bí £50 mílíọ̀nù, àwọn ọ̀gá pàdánù iṣẹ́, oníbàárà gbé wọn lọ sí kóòtù, nígbà tó sì di 1995 wọ́n ta ẹ̀ka náà fún Candy ti Ítálì. Májẹ̀mú £100 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò fi í wé iye tí ìlérí náà máa ná wọn, wọn kò sì sọ pé, "ó tó gẹ́ẹ́, ẹni báyìí la lè fún mọ."

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń to májẹ̀mú dáadáa ní Houston, kó wo ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Láti 1999 ni Texas ti ń yan òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ tí wọn kì í gba owó orí ọjà lórí aṣọ àti bàtà tí kò tó $100. Ní Houston, 8.25% ni owó orí ọjà, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Àmọ́ wọ́n ṣàlàyé dé góńgó. Owó ìkẹ́rù wà lára iye ọjà: ṣòkòtò jíìnsì $95 tí wọ́n fi $10 gbé délé ti di $105, owó orí ọjà sì gorí gbogbo rẹ̀. Bùbá tí wọ́n ti rán wà lábẹ́ àǹfààní yìí. Léèsì tí wọn kò tíì gé kò sí níbẹ̀, torí ohun tí wọ́n fi ń ránṣọ ni. Aláṣọ tó bá lóye èyí lè dín bùbá $108 kù sí $98 lópin ọ̀sẹ̀ náà, kó sì gbé e délé lọ́fẹ̀ẹ́ dípò kó gba $8 tó máa sọ ọ́ di $106. Ẹ̀dínwó $10 rẹ̀ á wá mú ti ìjọba dání fún oníbàárà.

Ìbéèrè kan náà nípa ohun tó wà lára iye ọjà ni ìlérí ìkẹ́rù ọ̀fẹ́ ń béèrè. Ẹni tó ra $110, tí kóòdù 15% sì sọ owó rẹ̀ di $93.50, ṣé ó ti ra tó $100 àbí kò rà tó? WooCommerce gbà kí onísọ̀ yàn bóyá kí wọ́n ka iye náà ṣáájú kóòdù tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá yàn, kó kọ ọ́ síbi tí oníbàárà á ti rí i kó tó sanwó. Kó sì ronú nípa ẹni tó máa dá ọjà padà: bùbá mẹ́ta ní $40 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀dínwó 25% fún ẹni tó ra mẹ́ta sọ di $90, bí ẹni tó rà á bá dá méjì padà tó sì gba $60, bùbá ẹyọ kan ti bọ́ sí $30 lọ́wọ́ rẹ̀ láìra mẹ́ta.

Àwọn kan á ní, ṣé kò yá kéèyàn pa ẹ̀dínwó tì, kó sọ iye òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà? JCPenney, ilé ìtajà ńlá tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Plano ní Texas yìí kan náà, dán an wò ní 1 Oṣù Kejì 2012. Ọ̀gá àgbà rẹ̀, Ron Johnson, tó wá láti Apple, fòpin sí kúpọ́ọ̀nù, ó sì já iye ọjà wálẹ̀ títí lọ. Láàárín ọdún kan, ọjà tí wọ́n tà já láti nǹkan bí $17.3 bílíọ̀nù sí $13 bílíọ̀nù; nígbà tó di oṣù kẹrin 2013, wọ́n ní kó máa lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Inú oníbàárà máa ń dùn pé òun náà nájà, òun náà rí nǹkan mú bọ̀. Kò sì burú láti fún un nírú ayọ̀ yẹn, bí kò bá ti sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó fa $80 sókè sí $120 lálẹ́ Sọ́ńdè, tó wá yọ ìdá kan nínú mẹ́ta láàárọ̀ Mọ́ńdè, kò dín kọ́bọ̀. Òfin Texas ti 1973 tó ń dáàbò bo oníbàárà ka irọ́ nípa iye tí wọ́n dín, tàbí ìdí tí wọ́n fi dín in, sí ẹ̀tàn.

Nítorí náà, kí ìyá wa tó ń ta léèsì tó kéde ọjà ọdún, kó jókòó ti tábìlì ìdáná rẹ̀, kó sì ra ọjà lọ́wọ́ ara rẹ̀: léèsì ẹyọ kan láìsí kóòdù, ẹyọ kan pẹ̀lú kóòdù, mẹ́ta papọ̀, gèlè kan tó kù díẹ̀ kó pé iye. Kó kọ ohun tó kù sí i lọ́wọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé. Bí ó bá rí èyí tó bọ́ sábẹ́ iye tí ọjà náà ná an, kó tún un ṣe lálẹ́ yẹn.

Èènì kò ní torí ìyẹn parẹ́. Ní Louisiana, tó múlé gbe Texas, wọ́n ní irú rẹ̀, lagniappe ni wọ́n ń pè é, Mark Twain sì kọ nípa rẹ̀ ní 1883. Bí aláṣọ náà bá ti di léèsì tán, tó rí orúkọ ẹni tó ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó lè ju páálí pín-ìn-nì gèlè kan sínú ẹrù náà kó tó lẹ̀ ẹ́ pa, láìsọ fún ẹ̀rọ.