Nọ́ọ̀sì Tuntun Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Rẹ̀

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, wọ́n gbé ìyá ẹni ọdún 75 kan lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn Vanderbilt, nílùú Nashville, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ tó dà sí i lágbárí ló gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti ń yá. Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà há, ẹ̀rù sì ń ba ìyá. Dókítà ní kí wọ́n fún un ní oògùn kan tó ń jẹ́ Versed díẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. RaDonda Vaught, nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ọdún 2015, ni wọ́n rán níṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe aláìsàn kan pàtó ni Vaught ń tọ́jú lọ́jọ́ náà. Òun ni ẹni tó ń ran gbogbo wọ́ọ̀dù lọ́wọ́, tí wọ́n ń pè síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n tún fa nọ́ọ̀sì tuntun kan lé e lọ́wọ́ pé kó máa mú un mọ iṣẹ́. Àwọn méjèèjì jọ dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, irú èyí tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣí i. Vaught tẹ lẹ́tà méjì, V àti E. Kò rí Versed, nítorí orúkọ rẹ̀ kejì, midazolam, ni ẹ̀rọ náà fi tò ó sábẹ́ orúkọ aláìsàn. Ló bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ẹ̀rọ náà ní fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ó tún tẹ V àti E. Ohun tó kọ́kọ́ yọ síta ni vecuronium. Ó mú un. Ní gbogbo àsìkò yìí, òun àti nọ́ọ̀sì tuntun náà ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n máa lọ ṣe lẹ́yìn èyí.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgò yẹn dáadáa. Omi ni Versed. Kò sóhun tí èèyàn ń pò mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni vecuronium, àfi kí èèyàn pò ó kó tó lè fà á sínú abẹ́rẹ́. Vaught yí ìgò náà padà, ó ka bí wọ́n ṣe ń pò ó, kò sì ka orúkọ tó wà níwájú. Ìkìlọ̀ wà lórí ìdérí rẹ̀ gan-an pé oògùn tó ń rọ èèyàn lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ni. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń bá aláìsàn mí ni àwọn dókítà máa ń lò ó, torí pé kì í mú èèyàn sùn, ṣe ló ń dá gbogbo iṣan ara dúró, títí kan èyí tá a fi ń mí.

Ó gún ìyá náà lábẹ́rẹ́, ó sì lọ síbi iṣẹ́ tó kàn. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i pé ìyá kò mí mọ́. Ọjọ́ kejì ló kú. Vaught kò fi ohun tó ṣe pa mọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ló jẹ́wọ́. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 2021, nígbà tó sì di 2022, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé àìbìkítà rẹ̀ ló ṣekú pa ìyá náà. Adájọ́ kò rán an lẹ́wọ̀n, ó fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta.

Àwọn èèyàn ti jiyàn gan-an lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀sì tuntun tó dúró tì í. Kí ló kọ́ lọ́jọ́ yẹn? Vaught sọ fún ìgbìmọ̀ tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ pé ojoojúmọ́ làwọn ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn, torí kọ̀ǹpútà tuntun tí ilé ìwòsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ń dá iṣẹ́ dúró. Ẹni tó bá rí i lójoojúmọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lójú tiẹ̀. Láti 1974 ni Marlene Kramer, nọ́ọ̀sì àti olùwádìí, ti kọ ìwé lórí èyí ní Amẹ́ríkà: ohun tí ilé ìwé kọ́ nọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́ọ̀dù ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ náà sì máa ń mi àwọn ẹni tuntun tìtì. Àwọn kan á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn á dúró, wọ́n á sì gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́.

Nílé wa ńkọ́? Àwọn àgbà nọ́ọ̀sì tó yẹ kó kọ́ àwọn ọmọ ti jápa lọ. Nínú oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ kí àjọ náà tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn ní Abuja àti Èkó. Èmi gbà pé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tuntun nírìírí kó tó lọ. Àmọ́ bí kò bá sẹ́ni tó dúró tì í lóru tí òun nìkan ń bójú tó odindi wọ́ọ̀dù, ọdún méjì yẹn kò ní kọ́ ọ ju bí wọ́n ṣe ń sáré lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn, gbé jáde ní 2022 ní kí nọ́ọ̀sì tuntun kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà, kí wọ́n sì ya àkókò sọ́tọ̀ fún un. Àkókò yẹn gan-an ni Vaught kò ní.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ tiwa. Nọ́ọ̀sì tuntun ní wọ́ọ̀dù wa kì í lè bi ọ̀gá rẹ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lorúkọ oògùn yẹn?” kí wọ́n má bi í pé ta ló ń bá wí. Àgbà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣí i lẹ́nu. Kó gbé ìgò náà fún ọmọ kó tó fà á sínú abẹ́rẹ́: “Bá mi ka èyí sókè. Kí ni dókítà kọ? Ṣé òun náà nìyí?” Bí ọmọ bá ní kì í ṣe òun, kí àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo wọ́ọ̀dù. Kí mátíróònù tó sì fa nọ́ọ̀sì tuntun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ onítọ̀hún fún ẹlòmíràn.