Èbù àti Iṣu: Ọ̀ràn Owó-Orí Ilé-Iṣẹ́

Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í jẹ gbogbo iṣu tí ó wa tán. A máa ya apá kan sọ́tọ̀ fún èbù, nítorí ẹni tí ó jẹ èbù rẹ̀ ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀. Ọgbọ́n yìí ni àwa fẹ́ fi yẹ ọ̀ràn kan wò tí ó kan ìlú gbogbo: èló ni ó tọ́ kí ìjọba gbà lórí èrè ilé-iṣẹ́ oníṣòwò?

Àwọn kan wí pé, “Ẹ gbà á púpọ̀, ọlọ́rọ̀ ni wọ́n.” Èrò yìí kò jinlẹ̀ tó. Nínú èrè ni ilé-iṣẹ́ ti ń ra ẹ̀rọ titun, tí ó sì ń gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Bí owó-orí bá wúwo jù, olówó yóò fà sẹ́yìn, tàbí kí ó kó owó rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ọmọ tálákà tí ìbá rí iṣẹ́ ṣe ni yóò sì jókòó sílé.

Àwọn mìíràn wí pé, “Ẹ sọ ọ́ di kékeré, iṣẹ́ yóò pọ̀.” Wọn a sì tọ́ka sí orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, tí ó sọ owó-orí lórí èrè òwò di 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2003, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà sì wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní 1967, ìlú kan náà ti sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ ọjà àwọn ará Yúróòpù ní 1973. Àlejò oníṣòwò náà bá ọ̀dọ́ tí ó mọ̀wé àti ọjà tí ó gbòòrò níbẹ̀. Ta ni ó san owó oṣù àwọn olùkọ́ wọ̀nnì? Owó ìlú ni.

Kí ni àwa yóò ha wí? Ẹ jẹ́ kí a wo òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní òpin 2017. Ó dín owó-orí ilé-iṣẹ́ kù láti 35 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ titun jẹ nínú ẹ̀dínwó yìí. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ àtijọ́ náà jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà tún gba ilé-iṣẹ́ láyè láti yọ gbogbo iye owó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ titun kúrò nínú èrè ọdún tí ó rà á, kí a tó ṣírò owó-orí. Ẹni tí kò gbin nǹkan kò rí nǹkan gbà nínú èyí.

Ìdájọ́ wa nìyí. Kí ìjọba fi èbù sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbìn ín, kí ó sì gba ìpín tirẹ̀ nínú iṣu. Oníṣòwò tí ó ń pe iṣu ní èbù kí ó má bàa san nǹkan ń jẹ ìlú ní gbèsè, nítorí ojú ọ̀nà ìlú ni ó ń tọ̀, ọmọ tí ìlú kọ́ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá gbọ́ tí a ń jiyàn lórí owó-orí, ẹ má ṣe bèèrè iye rẹ̀ nìkan. Ẹ bèèrè pẹ̀lú pé: èbù ni a mú ni, tàbí iṣu?