Àkókò Tó Tọ́ Nínú Ẹ́ńjìnì Onítọ́bò

Nínú ẹ́ńjìnì tó ń jẹ bẹntiróòlù, plọ́ọ̀gì kì í dúró kí písítìn gun òkè tán kó tó ta iná. Afẹ́fẹ́ àti epo inú sìlíńdà kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Iná náà ń rìn ni, ìrìn rẹ̀ sì ń gba àkókò. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá tó kọjá, kíránkì ti yí ní dígírì 18. Bó bá di ìgbà 6,000, ó di dígírì 36. Ibi tí agbára iná ti gbọ́dọ̀ dé góńgó ni nǹkan bíi dígírì 15 lẹ́yìn òkè, nígbà tí písítìn ti ń sọ̀ kalẹ̀. Iná tó bá tètè ta jù yóò máa bá písítìn tó ṣì ń gòkè jà. Èyí tó bá pẹ́ jù yóò máa lé písítìn tó ti lọ, ooru rẹ̀ á sì bá èéfín jáde lásán. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò wà nínú rẹ̀: ìgbà wo gan-an ni àkókò tó tọ́?

Láyé Peugeot 504, ọwọ́ ni àwọn mẹkáníìkì Ajégúnlẹ̀ ní Èkó fi ń to àkókò iná náà, èyí tí wọ́n ń pè ní táímìǹgì. Mẹkáníìkì á tú nọ́ọ̀tì tó di dísíbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì) mú díẹ̀, á so iná táímìǹgì mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì àkọ́kọ́, á wá tàn án sí púlì iwájú ẹ́ńjìnì. Iná yìí ń ṣẹ́jú nígbàkígbà tí plọ́ọ̀gì náà bá ta, nítorí náà àmì ara púlì tó ń yí kíkankíkan á hàn bí ohun tó dúró sójú kan. Á máa fọwọ́ yí dísíbútọ̀ títí àmì á fi bọ́ síwájú nọ́ńbà tó ń wá. Ẹni tí kò ní iná táímìǹgì á fetí gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, á wà á jáde láti Boundary, á tẹná, á padà wá tún un yí.

Iná tí mẹkáníìkì ń tò yìí, nítorí agbára tí kò tíì dé ló ṣe ń tò ó. Ní ọdún 1969, John Mbiti, àlùfáà àti onímọ̀ ẹ̀sìn ọmọ Kẹ́ńyà, kọ̀wé pé nínú èrò ìbílẹ̀ Áfíríkà, àná àti ìsinsìnyí ló rinlẹ̀, pé ọjọ́ iwájú tó jìnnà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, torí ohun inú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Áfíríkà ló ta kò ó. Ẹnì kan lè ní ẹ́ńjìnì kì í ṣe ẹ̀rí, òkè òkun ló ti wá. Ó dáa, kí ẹ́ńjìnì kúrò ńbẹ̀: ẹni tó ń dá èsúsú mọ oṣù tí yóò kàn án, ó sì ti fọkàn ná owó náà kí oṣù tó pé, ìyá tó ń ná ọjà ọrọọrún mọ ọjọ́ tó ń bọ̀ láìwo kàlẹ́ńdà. Bí wọ́n bá kó èsúsú sínú ìwé Mbiti, ìwé náà á ya.

Tọ́bò ló wá mú ìbéèrè àkókò tó tọ́ le. Ní 1905 ni Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ Switzerland, forúkọ èrò rẹ̀ sílẹ̀: èéfín tó ń jáde á máa yí fáànù kan, fáànù kejì tó wà lórí ọ̀pá kan náà á sì máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Lónìí, àwọn kan nínú mọ́tò tókunbọ̀ tó ń gba èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí lẹ́bàá Àpápá ní 1977, wọlé ló ní tọ́bò. (Tírélà àti tánkà tó ń tò ní Àpápá náà ní in, ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń jẹ, wọn kò ní plọ́ọ̀gì, ìgbà tí epo ń wọlé ni táímìǹgì tiwọn.) Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò há mọ́ sìlíńdà ń gbóná, ó sì ń tètè jó. Bí plọ́ọ̀gì bá ta ní ìgbà tó ti ń ta tẹ́lẹ̀, epo tó kù ní kọ̀rọ̀ tí iná kò tíì dé lè gbiná fúnra rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bíi ti òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ó sì lè lu písítìn já. Nítorí náà iná gbọ́dọ̀ fà sẹ́yìn: àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí dígírì kan fún psi kan tí tọ́bò bá fi kún ìfúnpá afẹ́fẹ́. Bí agbára bá ṣe ń pọ̀ ni iná ń pẹ́ sí i, èyí tí kì í dùn mọ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí mọ́tò fò.

Táímìǹgì tó dára fún mọ́tò tó dúró nínú gòsíló Wharf Road lè ba ẹ́ńjìnì kan náà jẹ́ bó bá ń fi ẹrù gun afárá Ìjọ́rá. Aristotle sọ ohun tó jọ èyí nípa ìbínú nínú ìwé kejì Nicomachean Ethics: ó tọ́ kí inú bíni, bó bá jẹ́ sí ẹni tó yẹ, ní ìwọ̀n tó yẹ, ní àkókò tó yẹ, kò sì sí òfin tó lè wọn gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. Yorùbá ní ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹni tí nǹkan ò rọ̀ fún ni wọ́n sábà fi ń tù nínú, ṣùgbọ́n ó bá ti ẹrù mu jù. Síbẹ̀, pé àkókò ń yí pẹ̀lú ẹrù kò sọ ọ́ di ohun tó wu kálukú. Fún ẹrù kan, epo kan àti ooru kan, iná tó tọ́ wà, písítìn tó jó sì ni ẹlẹ́rìí.

Kọ̀ǹpútà ló ń tò ó báyìí, réwáyà tó ní skánà ló sì jogún iṣẹ́ ẹni tó ń yí dísíbútọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnì ń tẹ́tí sí ìró òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Bó bá gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á fa iná sẹ́yìn, á tún máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Àṣìṣe ló ń ṣáájú, ìmọ̀ sẹ́ńsọ̀ ń tẹ̀lé e.

Bí ẹ́ńjìnì bá wá bàjẹ́ ńkọ́, ta ló jẹ̀bi? Ní oṣù Kejì ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ jù dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ́tò Nàìjíríà, àwọn tó rà á kò sì mọ̀. Ẹlòmíràn á ní Ògún ló ń bínú, ẹlòmíràn á ní ọ̀tá ilé ni. Evans-Pritchard, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1937 pé àwọn Azande, ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, mọ̀ dájú pé ikán ló jẹ òpó àká tó wó. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ìdí tó fi wó nígbà tí ẹni báyìí jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè méjì ni, ìrúbọ kò sì lè dáhùn ti òpó. Mẹkáníìkì tó pa ajá fún Ògún tó sì kọ̀ láti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì ti da méjèèjì pọ̀, kò sì ní ibi tó lè sá sí: irin Ògún ni wọ́n ń fi búra ní kóòtù ìbílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má purọ́. Skánà lè fi ìyára, ẹrù àti ooru hàn bí wọ́n ṣe rí nígbà tí àṣìṣe wọ inú ìrántí kọ̀ǹpútà. Kò lè sọ bóyá ọ̀dọ̀ ẹni tó ta epo ni ẹ̀bi wà, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ní kí réwáyà bá òun fi agbára kún un.