Ta Ni Yóò Gbé Igun Kẹrin?

Ibi kíkà: Máàkù 2:1-12

Ìtàn ẹlẹ́gbà tí wọ́n gba orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ yìí, a ti wàásù rẹ̀ títí nínú ìjọ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Èmi náà wàásù rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, mo sì pariwo dáadáa. Ohun tí mo ṣe lọ́sẹ̀ kan náà ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà. Yàrá kan la jọ ń gbé níbí ní Sáríà. Àwa méjèèjì nìkan ni ọmọ Yorùbá nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìkòkò kan náà la fi ń se oúnjẹ. Èmi ni akọ̀wé àdúrà, òun wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ní sáà kejì, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé ní ìpàdé àdúrà òru. Bó bá ń kọrin, ẹsẹ àkọ́kọ́ á já gaara. Kó tó di ẹsẹ kẹta, ohùn rẹ̀ á ti dà bíi ti ẹni tó ń ti imú sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ara rẹ̀ á tún le. Mo ní ọ̀lẹ ni. Lóru ọjọ́ Ẹtì kan, mo dárúkọ rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, mo ní ẹ̀mí oorun ló ń dà á láàmú, mo sì ní kó dìde dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó dúró. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó di àga mú. Kò wá sí ìpàdé wa mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó fi ilé ìwé sílẹ̀, mo sọ fún àwọn ará pé ó ti padà sẹ́yìn. N kò wá a lọ. Ọdún mẹ́sàn-án kọjá.

Lọ́dún tó kọjá ni màmá rẹ̀ pè mí láti Kàdúná. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orúkọ rẹ ló ń pè ṣáá. Ẹ jọ gbé rí. Jọ̀wọ́, wá kí i."

Nígbà tí mo débẹ̀, n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wọ́ sílẹ̀, ó ń fi ìka gbé ọ̀kan sókè kó lè rí mi. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ kò gbà fún un. Wọ́n ti gbé e káàkiri. Ilé àdúrà kan fún un ní ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta láìmu omi. Òmíràn ní àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ló mú un. Kẹ́mísì ta oògùn ibà fún un, ó ta ti táífọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn ciprofloxacin tó lò kẹ́yìn ni èémí rẹ̀ há, tí wọ́n fi sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni dókítà kan ti dá àìsàn náà mọ̀. Myasthenia gravis ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí ẹnì kan lè wà láàárín yín tó ń bá a jìjàkadì. Ohun tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti bá àrùn jà ló ṣìnà, tó ń kọ lu ibi tí iṣan ti ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ẹran ara. Ọpọlọ ní kí ojú là. Iṣẹ́ náà kò dé bó ṣe yẹ. Bí ẹni náà bá ṣe ń lo ẹ̀yà ara kan tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára ibẹ̀ ń tán tó. Bó bá sinmi, díẹ̀ á padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń dára láàárọ̀, tó ń burú lálẹ́. Oògùn pyridostigmine ń gbé e ró fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà a tún lo òmíràn. Àwọn oògùn kan sì wà, ciprofloxacin àti gentamicin wà lára wọn, tó lè mú kó burú títí èémí á fi há. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ra oògùn ní kẹ́mísì láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ mọ̀ sí i.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo ní, "Dárí jì mí. Oorun kọ́ ló ń kùn ọ́ lóru ọjọ́ yẹn."

Ó pẹ́ kó tó dáhùn, torí ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí ẹni ṣọ́ owó. Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Mo dúró torí pé ìwọ lo sọ ọ́. Mo rò pé òótọ́ ni."

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn fún ọ̀pọ̀ òru.

Mo padà sí Máàkù orí kejì, mo sì rí ohun tí ariwo mi kò jẹ́ kí n rí. Ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé àkéte ni Máàkù ní Jésù wò. Kò sí ẹni tó bi ẹlẹ́gbà náà léèrè bóyá ó ti gbààwẹ̀. Àwọn mẹ́rin yìí kò bi í ohun tó ṣe tí ẹ̀gbà fi mú un. Òrùlé onílé ni wọ́n dá lu. (Mo máa ń ro ti onílé yẹn. Máàkù kò sọ ẹni tó tún un ṣe.) Bí ẹnikẹ́ni bá ní ṣebí ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ni Jésù kọ́kọ́ sọ, kó ka Jòhánù 9 pẹ̀lú, níbi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti fẹ́ mọ ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, tí Olúwa sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù náà ṣe dáadáa fún ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wàhálà dé.

A ń gbàdúrà ìwòsàn, a kò dẹ́kun. A sì ń lo oògùn. Aago fóònù mi ń dún ní àkókò oògùn rẹ̀, mo á pè é, torí ó gbọ́dọ̀ lò ó kó tó jẹun, kó lè rí oúnjẹ jẹ lẹ́nu, kó má sì há a lọ́fun. Ọjọ́ Sátidé méjì lóṣù ni mo ń lọ. Màmá wa di igun kan àkéte mú, àbúrò rẹ̀ di ọ̀kan, èmi di ọ̀kan. Àwọn tó jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà náà, mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn yìí ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ó ń béèrè yín.

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni mo máa ń wọkọ̀, kí n lè bá ohùn rẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Òun ló ń dá orin. Bó bá kan ẹsẹ kẹta, á na ọwọ́ sí mi, èmi á gbà á.