Ọgbọ́n Ọwọ́ Kì í Ṣe Ti Alára Pípé Nìkan



Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀bi ara mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ìjọ wa, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Ọjà-Ọba, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e dé Misa mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Ara Krístì lọ fún un nílé. N óò gbàdúrà, n óò fún un ní Oúnjẹ mímọ́, n óò dágbére, n óò sì máa bá tèmi lọ. Ní ọjọ́ kan, òjò ńlá dá mi dúró níbẹ̀. Bí mo ti jókòó, mo gbọ́ tí nǹkan ń ha ara ògiri nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo bèèrè pé, “Màmá, ta ni ó wà níbẹ̀ yẹn?” Ìyá náà dorí kodò. Ó ní, “Ọmọ mi ni, Fadá. Etí rẹ̀ di láti kékeré, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú.”

Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Ìyá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlùfáà nítorí ọmọ tí Ọlọ́run fún un! Mo wọ yàrá náà. Ọkùnrin tí ó tó ẹni ogójì ọdún ni mo bá níbẹ̀, èédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ya àwòrán kún ògiri láti òkè dé ilẹ̀: àwọn onípàtẹ Ọjà-Ọba, àwọn obìnrin tí ó ru igbá, ilé gogoro mọ́sálásí, àti àlùfáà kan tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni. Láti ojú fèrèsé ni ó ti ń wò mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń bọ̀. Ó ti rí mi, ẹ̀yin ará; èmi kò rí i.

Nínú Ìhìnrere Jòhánù Mímọ́, orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fà á, bóyá ti ọkùnrin náà ni tàbí ti àwọn òbí rẹ̀. Olúwa wa kò gbà fún wọn. Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn, bí kò ṣe pé kí iṣẹ́ Ọlọ́run lè hàn lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ó fi itọ́ pò erùpẹ̀ di amọ̀, bí àwọn ìyá wa ti ń po amọ̀ ìkòkò ní Dada, ní Òkè-Lélé, Ó sì fi ọwọ́ ara Rẹ̀ kàn án. Àwọn baba wa tí kò tíì gbọ́ Ìhìnrere pàápàá mọ díẹ̀ nínú òtítọ́ yìí. Wọn a máa pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òrìṣà, wọn a sì máa kìlọ̀ fún ọmọ wọn kí ó má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ojú ti àwa tí a mọ Ẹlẹ́dàá, bí a bá ń ti àwọn ọmọ Rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn?

Ẹnìkan lè wí pé, “Fadá, àwa a máa fún wọn ní sàráà.” Sàráà dára, Ìjọ kò sì kọ̀ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n owó tí a jù sínú igbá a máa bọ́ ikùn fún ọjọ́ kan. Kì í bèèrè ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí ó gbé igbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ìbejì kan fún yín. Ní ọdún 1943, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, a bí ìbejì obìnrin, Judith àti Joyce Scott. Ara Joyce pé. A bí Judith pẹ̀lú ipò tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Down syndrome, etí rẹ̀ sì di, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ nípa ti etí náà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè, kò dáhùn. Wọ́n rò pé òye kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irú wọn sí, ó sì lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bí ìbejì, ẹ mọ ohun tí ó jẹ́ láti ya Táyé kúrò lára Kẹ́hìndé. Joyce kò gbàgbé. Ní àárín àwọn ọdún 1980, ó di alágbàtọ́ Judith, ó mú un lọ sí Kalifóníà. Ní 1987 ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Oakland, tí ń jẹ́ Creative Growth, èyí tí Florence Ludins-Katz àti ọkọ rẹ̀, Elias Katz, dá sílẹ̀ ní 1974 fún àwọn àgbàlagbà aláàbọ̀ ara.

Fún oṣù púpọ̀, kò sí ohun tí ó wu Judith níbẹ̀. Ọ̀dà kò wù ú, bébà kò wù ú. Àwọn olùkọ́ kò lé e lọ, wọn kò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú kí wọ́n bá a ya àwòrán. Wọ́n dúró dè é. Nígbà tí ó ṣe, oníṣẹ́ òwú kan, Sylvia Seventy, wá kọ́ni níbẹ̀. Judith mú igi, ó mú òwú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í we òwú mọ́ igi. Kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 2005. Ní 2014, Brooklyn Museum ní New York pàtẹ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ fún ayé wò. Òwú ni, ẹ̀yin ará Ìlọrin! Irú ohun tí àwọn ahunṣọ wa ń ta sórí òfì lójoojúmọ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí a bí ní London ní 1962, tí ó dàgbà ní Èkó, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí àìsàn kọlu ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ fi rọ. Ó bá Shape Arts ṣiṣẹ́ ní London, ẹgbẹ́ tí ń ṣí ọ̀nà iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Ní 2010, ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí ó ṣe, tí ìgbòkun rẹ̀ dà bí aṣọ àǹkárá, ni a gbé dúró ní Trafalgar Square. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ni ó máa ń bá a ṣe èyí tí agbára rẹ̀ kò ká. Èrò inú iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ta ni nínú wa tí kò lo ọwọ́ ẹlòmíràn? Bákan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ulli Beier gbé ọ̀dà àti bébà lọ fún àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì fi ya àwòrán.

Ìjọ wa kò ṣàjèjì sí ọ̀nà yìí. Ìwé Ẹ́ksódù fi hàn wá pé Ẹ̀mí Ọlọ́run kún Bésálẹ́lì kí ó lè gbẹ́ igi, kí ó gé òkúta, kí ó fi wúrà dárà, a sì fi í sí ọkàn rẹ̀ láti kọ́ ẹlòmíràn. Láti 1947, Fadá Kevin Carroll ti ẹgbẹ́ SMA ń tọ́jú ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Lámídì Fákẹ́yẹ, Mùsùlùmí, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, wà lára àwọn tí ó gbẹ́ igi níbẹ̀. A kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà; a kò sì gbọdọ̀ tì í nísinsìnyí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ yìí ní òfin tirẹ̀. Èkíní: àgbàlagbà kì í ṣe ọmọdé. Má ṣe gbé ohun ìṣeré ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi síwájú ẹni ogójì ọdún. Èkejì: má ṣe gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ náà lè dára lójú rẹ. Ẹni tí ó bá a parí iṣẹ́ ti jí iṣẹ́ náà. Ẹ̀kẹta: wá ohun tí ó bá ara rẹ̀ mu. Afọ́jú a máa fi ìka ríran lára amọ̀; adití a máa fi ojú gba ẹ̀kọ́; ẹni tí ìka rẹ̀ kò lè di nǹkan mú, fi àkísà we ẹ̀rú irinṣẹ́ kí ó nípọn. Ẹ̀kẹrin: orúkọ rẹ̀ ni kí ó wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kí owó rẹ̀ bọ́ sí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó ka fífi ìyà jẹ aláàbọ̀ ara nítorí ipò rẹ̀ léèwọ̀. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú ilé wa lọ ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Àwa ni a ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀.

Nítorí náà, yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ wa tí a ń kó àga tí ó ti kán sí. Mo fẹ́ kí a kó àga náà kúrò. Ẹ̀yin ahunṣọ, ẹ̀yin amọ̀kòkò, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, wákàtí méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni yín nílé, ẹ mú un jáde wá. Ẹ dúró dè mí lẹ́yìn Misa ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí a jọ bẹ̀rẹ̀.

Mo ti bá ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Fadá, bí ọmọ mi bá jáde, ṣé wọn kò ní fi í rẹ́rìn-ín?”

Ẹ̀yin ará, èmi kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn fún yín. Ẹ̀yin ni ìyá náà ń bi.

Kí Olúwa tí Ó fi amọ̀ la ojú afọ́jú la ojú tiwa náà. Ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.