Iṣẹ́ Abẹ Ha Jẹ́ Àìgbàgbọ́ Bí?

Àdúrà wa fún aboyún ni pé kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. A kò sọ ọ̀nà tí ọmọ yóò gbà jáde. Èé ṣe nígbà náà tí àwọn kan, ní Ìbefun àti ní ibi púpọ̀, fi ń ka iṣẹ́ abẹ tí yóò gba ìbejì tí oṣù wọn kò pé là sí àìgbàgbọ́? Wọn a ní kí ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Ní 1879, dókítà Felkin rí onísègùn kan ní Bùnyórò, ní Ùgáńdà, tí ó fi ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ ọwọ́, tí ó sì la inú aboyún. Ìyá yè, ọmọ yè. Bí a bá ránṣẹ́ pe àlùfáà, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ọkọ ti fọwọ́ sí ìwé dókítà ná, nítorí ẹ̀mí mẹ́ta ni ń bẹ nínú ewu.